Wáyà tí mo yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ọkọ mi

Èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà ọkọ mi jẹ́. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe iná sólà... èmi ìyàwó rẹ̀ ni. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ọmọ ìjọ wa pọ̀ lórí page yìí, Òkìtìpupa ò sì tóbi tó bí ẹ ṣe rò. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń tẹ èyí, àwọn ọmọ yunifásítì ti tò síwájú mi fún photocopy, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ bá mi kà á dé ìparí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Tíṣà jọ́gíráfì ni ọkọ mi, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tó wá jókòó sílé ló ní òun fẹ́ máa wa ọkọ̀ òfuurufú... lórí kọ̀ǹpútà o! Géèmù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù ọmọdé. Gbogbo pápákọ̀ òfuurufú tó wà láyé ló wà nínú ẹ̀, òjò inú ẹ̀ ń rọ̀ bí òjò gidi. Èmi ni mo bá a wá kọ̀ǹpútà tokunbo náà torí iṣẹ́ mi ni, mo ti lé ní ogún ọdún nídìí typing àti photocopy, mo lè tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ kí n sì tò ó padà láìwo ìwé. Òun ńkọ́? Kò mọ ibi tí screw wà. Ohun tó mọ̀ ni frame. Ṣé ẹ mọ frame? Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí etí mi fi fẹ́ di. Iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tó bá ya ogójì, ọkọ̀ òfuurufú á máa lọ geerege. Tó bá ya mẹ́wàá, á dúró lójú kan, á tún fò síwájú, bí ọ̀kadà tó ń já sí kòtò. Graphics card ló ń ya àwòrán náà. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá kò lágbára, méjìlá ló ń yà, a wá ra òmíràn, ó di mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọkọ mi jó lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà yẹn máa ń wà ní igun monitor. Ọkọ mi ń wò ó ju bó ṣe ń wo ojú mi lọ.

Mi ò kọ́kọ́ bínú sí i. Ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì tí kò rí nǹkan ṣe, ó máa ń tètè gbó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́... ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwa àti iná ìjọba níbí, sólà la gbójú lé. Iṣẹ́ tí mi ò bá parí ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ni mo ń gbé e wá. Tí ọkọ mi bá ti fi headphone sétí láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó parí, bátìrì á gbẹ. Èmi ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni ọjà, èmi ni mò ń lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Òṣóòrò ní gbogbo Sátidé, èmi náà ni mo máa ro púpurú tá a máa jẹ lálẹ́. Tó bá jẹ ẹ́ tán á ní o káre, ó ti padà sójú sánmà nìyẹn. Ta ló máa sọ fún èmi náà pé kí n lọ jókòó?

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àkọ́bí wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí òun àti bàbá rẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fi yunifásítì sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń lọ, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní tiẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ọkọ mi dìde láàárín ẹbí ní Òṣóòrò, ó ní òun ò ní àkọ́bí mọ́. Ó ní òun lè forí ji ọmọ tó fìdí rẹmi, òun ò lè forí ji ẹni tó ń tan òun jẹ nínú ilé òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ mi kó lọ sí Jos, ibẹ̀ ló ti ń to kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn. Èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wà ní yunifásítì níbí, nìkan là ń pè é. Mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ebi fi mọ́ mi lára. Kò sí ìpàdé àdúrà tí mi ò ti tan abẹ́là, ohun kan náà ni mò ń tọrọ: Olúwa, fún bàbá àti ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á bá ara wọn sọ.

Ọjọ́ tó fa gbogbo rẹ̀... mo parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ká mi mọ́ orí ọ̀kadà, sùtánà funfun mi di pupa fún ẹrẹ̀. Mo dé ẹnu géètì, ọkọ mi ti tì í látinú. Mo kànkùn. Mo pe fóònù rẹ̀. Mo fi òkúta lu géètì. Ẹ̀yin èèyàn, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ìgbà tí mi ò lè rántí, inú headphone ló ń rín in sí, èmi sì wà nínú òjò pẹ̀lú ebi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó wá jáde, ó ní háà, ṣé o ti dé? Ṣé mo ti dé! Mo wẹ̀, mo wọlé lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ wo ọ̀pẹ rẹ̀ ní Iyansan. Mo bọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà. Mo yọ wáyà monitor kúrò nínú ihò graphics card, mo kì í bọ ihò kejì tó wà lókè, èyí tí kò kan card náà rárá. Ìyẹn nìkan. Mi ò fọ́ nǹkan kan. Card wà níbẹ̀, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwòrán á ṣì máa hàn, ẹni tí kò bá mọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ò ní rí ìyàtọ̀ kankan àfi nọ́ńbà yẹn.

Mẹ́sàn-án! Ó pa á, ó tún tàn án. Mẹ́sàn-án. Ó dín ìkúukùu kù, ó yọ igi, ó yọ ilé, ó di mọ́kànlá. Ó pè mí bí ẹni tó ń pe dókítà. Mo tú u, mo fẹ́ eruku inú rẹ̀, mo mi orí, mo ní card yìí ti darúgbó. Ó ní bí olówó rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín... Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án, ó ń wo fídíò àwọn tó ń fi card wé card, ọkọ̀ òfuurufú kan náà, pápákọ̀ kan náà, èyí ya ọgọ́ta, èyí ya ọgọ́rin, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Á bi mí pé èwo ló dáa. Èmi náà á fún un ní ìmọ̀ràn bí ọ̀jọ̀gbọ́n! Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Bátìrì kún. Ọkọ mi ń jẹun lórí tábìlì. Mo rò pé mo ti gba ọkọ mi padà.

Àṣé mi ò rí nǹkan kan. Ó dáwọ́ ọ̀rọ̀ sísọ dúró, á kàn máa wo púpurú. Lọ́jọ́rú ó tẹ̀ lé mi lọ sí ìpàdé àdúrà, ọkọ mi tí kì í wá ju ìkórè àti Kérésìmesì lọ. Ó kúnlẹ̀, kò sọ ohun tó ń tọrọ. Wòlíì wa bá ríran, ó ní òun rí ọ̀tá inú ilé tó na ọwọ́ dí ọkùnrin yìí lọ́nà, kí gbogbo ìjọ dìde, kí ọwọ́ náà rọ! Kí ni kí n ṣe? Mo dìde. Mo pàtẹ́wọ́, mo fò sókè, mo ń ṣe Àmín. Kò sí ẹni tí Àmín tiẹ̀ ròkè ju tèmi lọ. Bí mo bá dákẹ́, ṣé wọn ò ní wò mí ni? Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti jí, ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé láti Òṣóòrò, mo bá a tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ síṣẹ́ láyé ọjọ́un, ó so táì! Ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú láti Jos lọ sí Àkúrẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ aṣọ. Nọ́ńbà igun yẹn ń sọ mẹ́jọ, nígbà tó ku díẹ̀ kó dé Àkúrẹ́ ó di márùn-ún, ọkọ̀ náà ń dúró, ó ń fò, ilẹ̀ sún mọ́ ọn lójijì, ó fi ìmú gúnlẹ̀. Gbogbo ojú monitor ṣú. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀. Ó ní má bínú... jẹ́jẹ́ báyìí, ó wá yọ headphone. Mo rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń bẹ̀. Mo lọ sá aṣọ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń béèrè pé ṣé Daddy ti tún ń bínú sí òun ni. Mo ní Daddy wo? Ló bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Òun ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé Daddy ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, kò kí i, kò ṣe àlàyé, ó ní ẹ dín òjìji kù nínú settings, ẹ máa rí frame márùn-ún sí i. Bàbá rẹ̀ fèsì: mo rí mẹ́fà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ ilé nínú wọn, kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan, card wo lo lò, mélòó ló yà, tèmi ya báyìí, tìẹ ńkọ́... ohun tí ọkùnrin méjèèjì ò lè sọ, frame ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tó yá wọ́n jọ ń fò ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi pamọ́ fún mi kí n má baà gbọ́kàn lé ohun tí kò tíì dájú. Ọkọ mi ní tí àwọn bá jọ gbéra ní Jos tí àwọn sì jọ balẹ̀ sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ lòun á ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sílé fún ìkórè. Mo wá bi ọmọ mi pé ọjọ́ tí òjò pa mi lẹ́nu géètì ńkọ́? Ó ní ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ tún pè é ní Daddy.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sílé, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀nà méjì ló pín in sí. Lókè apá kan ó kọ Kọ̀ǹpútà mi. Lókè apá kejì ó kọ Àkọ́bí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo yọ wáyà, mẹ́rìndínláàádọ́ta di mẹ́sàn-án, ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ojú ń ti òun láti sọ fún ọmọ náà pé card òun ti darúgbó, kó má lọ rò pé òun tún ti kọ ọ́ o. Àdúrà mi ti gbà, ẹ̀yin ará. Ọlọ́run ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á bára wọn sọ. Èmi tí mo gbààwẹ̀ rẹ̀ ni mo yọ ọ́ lẹ́nu wọn. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Láàárọ̀ àná tí ọkọ mi ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo dá wáyà padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo ní mo ti tún fẹ́ eruku inú rẹ̀, kó tàn án wò. Mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ó pariwo, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ yìí gan-an, ó ní eruku tí mo fẹ́ ló ṣe é, ó ní èmi ni dókítà òun. Ó pe ọmọ náà, ó bọ́ headphone, ó fi sí mi létí. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, Mummy... Mo ń sunkún, bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí bá béèrè pé kí ló ṣe é gan-an. Ó ní eruku kì í sọ mẹ́rìndínláàádọ́ta di mẹ́sàn-án. Ó ní ó dà bí ẹni pé wáyà monitor ló bọ́ sí ihò mìíràn, ṣùgbọ́n Daddy ò lè dé ẹ̀yìn ẹ̀, ta ló wá yí i? Ọkọ mi ò gbọ́ o, èmi ni headphone wà létí mi. Ó kàn ń wò mí, ó ń rín músẹ́. Mo ní ọbẹ̀ márúgbó mi ń jó. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi fi ìlà kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: Mummy, ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní sọ fún Daddy.

Látìgbà náà ni ara mi ò ti gbà á mọ́. Ohun tó lé ọmọ yìí kúrò nílé ni pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Kò tíì wọlé tán, ó ti tún fẹ́ máa bá mi fi tèmi pamọ́. Tí mo bá sọ, ọkọ mi tó fi ọdún mẹ́ta lé ọmọ bíbí inú ẹ̀ nítorí ẹ̀tàn, kí ló máa ṣe fún èmi? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la ti fẹ́ra. Tí mi ò bá sọ, tó wá gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọmọ náà mọ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní lé àwa méjèèjì? Àwọn tó ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́? Aago mẹ́rin ti kọjá báyìí. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa gbéra ní Jos. Ọkọ mi ti ní kí n bá òun lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Ṣé kí n sọ fún un kí wọ́n tó gbéra ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ sí Àkúrẹ́ ná, kó bẹ ọmọ rẹ̀ tán, kí n tó sọ fún un pé èmi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, mo ti ń lọ tan áyọ́ọ̀nù.