Ìdí Tí Ẹ Kò Fi Rí Mi Nínú Ọkọ̀ Tó Kó Àwọn Ará Wa Bọ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Láti Monrovia ní ilẹ̀ Làìbéríà níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣọlá, àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àbúrò mi, Ọmọ́wùmí, tó ti di abiyamọ lẹ́yìn mi. Mo kí gbogbo àwọn ìyá tí ẹ jọ ń yan ẹja létí omi ní Ìgbókòdá. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rìn?

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú yìí ti di àwókù, adìẹ ló ń sùn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà ilẹ̀ wa tó ń ṣọ́ èbúté níbí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí lọ sí Èkó. Mo ní kó fún àwọn oníwèé ìròyìn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ayé kà, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tó lọ dúró ní Àpápá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ Nàìjíríà dé láti ìlú yìí. Ṣọ́jà yẹn tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ, ó sì padà. Ó ní òun rí ìyá Ìlàjẹ kan tó dúró títí èrò fi tán, tó ń da àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró, tó ń fi ọwọ́ júwe bí ọmọ rẹ̀ ṣe ga tó. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Màmá, mo wà láàyè. Orúkọ mi wà lára orúkọ àwọn tí ọkọ̀ yẹn fẹ́ kó. Mo ti di àpò mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà èbúté. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dá mi padà, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò kọ̀ yín sílẹ̀.

Ẹ rántí pé iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ojú omi ni mo bá wá síbí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ẹja ńláńlá kò wá mọ́. Ọ̀gá mi sá lọ, ó fi àwọn irinṣẹ́ àti ẹ̀rọ awáẹja kan sílẹ̀ fún mi. Mo gbé wọn lọ sí New Kru Town, níbi tí àwọn apẹja ń gbé, mo sì di ọmọ ilé Pa Nímílì. Apẹja ẹ̀yà Krúù, àwọn ará etí òkun ilẹ̀ yìí, ni bàbá yìí, ó ní ọkọ̀ onígi gbọọrọ kan tó ní ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Má Júà. Òun ló ń yan ẹja tí ọkọ rẹ̀ bá pa, bíi tiyín gẹ́lẹ́, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

Ẹ̀rọ awáẹja yìí, ẹ̀yin á tètè mọ ìwúlò rẹ̀. Ó ní ojú kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré tó máa ń wà lókè lọ́dọ̀ awakọ̀, ó sì ní orí kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tó máa ń wà nínú omi nídìí ọkọ̀. Wáyà kan ló so wọ́n pọ̀. Orí yẹn ló ń ké sínú omi. Ohùn rẹ̀ á lọ kan ìsàlẹ̀, á padà wá, ohunkóhun tó bá sì pàdé lọ́nà, ì báà jẹ́ ẹja, ì báà jẹ́ òkúta, á hàn lójú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo fẹ́ kàn án mọ́ ọkọ̀, Pa Nímílì bínú sí mi. Ó bi mí pé ṣé èmi ọmọ apẹja ni mo fẹ́ lu ihò sí ìdí ọkọ̀ òun nísàlẹ̀ omi, kí n wá máa sọ pé ire òun ni mò ń wá. Ó ní eku kò tíì ṣe irú ẹ̀ sí òun rí. Má Júà dúró nídìí iná, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá pákó kan, mo kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀ láti òkè níbi tí omi kò dé, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi, ara pákó náà ni mo sì de orí ẹ̀rọ mọ́. N kò jẹ́ kó sún mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, torí ìfófòó omi kì í jẹ́ kó ríran. Mo gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún wáyà rẹ̀, kó má fara kan wáyà ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, Pa rí àwọn ẹja bí wọ́n ṣe ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Látìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àkísà àti omi ọṣẹ nu orí ẹ̀rọ bí a bá dé, kí ìkarahun kéékèèké má lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ ha á, ó di ìjà.

Ogun wá wọ ìgboro. Màmá, n kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Ebi pa wá títí a fi ń se ewé tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Òjò ìlú yìí kì í dá, ó ń rọ̀ sórí àwọn tí kò sí ẹni tí yóò sin wọ́n. Nítorí pé àwọn ṣọ́jà ilẹ̀ wa ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ Nàìjíríà kiri láti ilé dé ilé. Bí o bá ti la ẹnu, ohùn rẹ á tú ọ fó. Ọjọ́ tí wọ́n dé ilé Pa Nímílì, kò sí ibi tí mo lè sá sí. Má Júà dìde, ó sọ fún wọn pé ọmọ òun ni mí, pé odi ni mí, pé mo dití láti kékeré. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbá mi létí, ó fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n lọ bu omi wá fún àwọn àlejò. Mo lọ bu omi. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀, ọ̀kan nínú wọn yìnbọn lẹ́yìn mi láti dán mi wò. Mo fò, omi dànù. Má Júà bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé wọ́n rò pé etí nìkan ni èèyàn fi ń gbọ́ ìbọn ni, pé adití náà ní àyà. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n mu omi tó kù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, obìnrin yẹn fi ọwọ́ pa mí létí níbi tó ti gbá mi.

Wọn kò rí ojú ẹ̀rọ, torí a ti dì í sínú àpò ìrẹsì òfìfo, a sì rì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gé wáyà tó wà nídìí ọkọ̀, wọ́n sì fi de ọkùnrin kan, aládùúgbò wa, wọ́n dè é ní ìgúnpá méjèèjì sẹ́yìn títí àyà rẹ̀ fi yọ síwájú. Wọ́n mú un lọ. A kò rí i mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Má Júà ní òun fẹ́ lọ bá ọmọbìnrin òun tó ti sá lọ sí ilẹ̀ Sàró. Ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tí wọ́n fi irin ṣe fẹ́ kó èrò láti etí òkun. Pa Nímílì kò fẹ́ fi ilé sílẹ̀, kò sì sí epo tí a fi lè wa ọkọ̀ tiwa sìn ín. Má Júà wọ ọkọ̀ irin náà ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin àti ọmọdé. Wọ́n ta tapólì bò wọ́n lórí nítorí òjò, wọ́n sì fi okùn dì í le. Ojú wa ló ṣe. Wọ́n dé ibi tí odò ti ń pàdé òkun, ìgbì kan gbé ọkọ̀ náà, òmíràn dojú rẹ̀ dé. Àwọn tó jókòó síta ló wẹ̀ padà. Àwọn tó wà lábẹ́ tapólì kò jáde. Pa sáré wọ omi tòun ti aṣọ lọ́rùn, àwa la fà á padà.

Lójoojúmọ́ ló ń rìn létí òkun, ó ń wo ohun tí omi bá gbé jáde. Omi kò gbé Má Júà jáde. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n kéde pé ọkọ̀ ilẹ̀ wa ń bọ̀ wá kó wa. Inú mi dùn, Màmá, n kò ní purọ́. Pa gan-an ló ní kí n lọ, ó gbàdúrà fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ wọ ọkọ̀, mo ti wà lórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà èbúté nígbà tí mo rí Pa Nímílì tó ń bọ̀. Ó gbé àpò ìrẹsì tí ojú ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ mọ́ àyà. Kò bẹ̀ mí pé kí n dúró. Ohun tó wá bi mí ni pé báwo ni wọ́n ṣe ń so wáyà tí wọ́n bá gé, pé kí n kọ́ òun kíá kí n tó lọ. Ó ní bí ẹ̀rọ yìí bá lè rí ẹja, á rí ọkọ̀ irin. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ojú ẹ̀rọ náà ń dún nínú àpò. Mo wo ọwọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo jáde lórí ìlà. Mo ro tiyín, Màmá. Mo ro pé ẹ ti gbọ́ pé à ń bọ̀. Mo rò ó títí a fi dé New Kru Town, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò yà.

Wáyà yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn ń lọ́ pọ̀. Inú rẹ̀ ní òwú kan, òmíràn sì yí i ká, bí wọ́n bá kan ara wọn, ẹ̀rọ kò ní ríran. Mo fi òjé jó wọn pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo fi oje àbẹ́là bò ó, mo fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e kí omi má wọlé. Nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn padà dé láti Èkó, ó bá wa wá epo díẹ̀ àti bátìrì ọkọ̀ kan, ó sì bá wa tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu odò, mo rọra ń wakọ̀ lọ, mò ń wakọ̀ bọ̀, Pa sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Yanrìn ni a ń rí, yanrìn pẹrẹsẹ. A padà sílé. A tún lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìlà ìsàlẹ̀ gbé orí sókè lójijì, ó nípọn, ó gùn, ó tún wálẹ̀. Òkúta kì í rí bẹ́ẹ̀. Pa fi ìka kàn án.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Krúù tó mọ omi wẹ̀ ló di okùn mọ́ra tí wọ́n wọlé. Wọ́n gé okùn tapólì. Wọn kò lè kó gbogbo wọn, ìṣàn omi le, ṣùgbọ́n wọ́n gbé Má Júà jáde, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan tó wà láyà rẹ̀. A kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé ó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn. Pa ní kí a má yà wọ́n. A sin wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ilé, nínú òjò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Pa jẹun, ó sì sùn.

Ọkọ̀ tí ẹ lọ pàdé ti dé Àpápá nígbà yẹn, ẹ̀yin sì ti padà sí Ìgbókòdá.

Ìròyìn tàn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá, torí kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo ló rì. A rí díẹ̀, a kò rí ọ̀pọ̀. Ìgbì ti kó yanrìn bo àwọn mìíràn. Nísinsìnyí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹja ẹnu odò yẹn, Màmá, bí ebi ti wù kó pa á tó.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, obìnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn láti Duport Road, ní òdì kejì ìlú, wá bá mi, ó gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá èèyàn dúró kọjá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wá. Mo mọ̀ pé ibi tó dárúkọ, yanrìn ti bò ó, mo sì sọ fún un. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà gbé òun débẹ̀. Mo nu orí ẹ̀rọ, mo gbé e lọ. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ láìṣẹ́jú, àlọ àti àbọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe yanrìn. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní ẹ ṣeun, pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti lọ, òní ni òun tó mọ ibi tí òun lè kọjú sí bí òun bá fẹ́ sunkún.

Bí ọkọ̀ mìíràn bá wá, mà á wọ̀ ọ́. Mo ti sọ fún Pa, ó sì ti gbà. Ẹ má lọ dúró sí Àpápá mọ́, orúnkún yín kò gbà á, mà á wá bá yín nílé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ́ kí omi gba ẹnìkan lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi gbé ọmọ Ọmọ́wùmí jó. Ẹ kí Bọ̀dá Ṣọlá, ẹ kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà, ẹ sì kí àwọn ìyá tó bá yín dúró ní èbúté lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní kí wọ́n má tíì ṣọ̀fọ̀.

Èmi ni Akínfọlárìn, ọmọ yín.