Orúkọ Tí Mo Dá Lẹ́nu Ọ̀nà Ọsibítù

Nágà Sábílì, lẹ́yìn tí eruku rọlẹ̀.

Ṣàhátì ọmọ mi, ọkọ Insáàfù, baba ọmọ tuntun,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ jí, kí ó máa bá ọ sùn. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ Káírò ń lọ lẹ́nu? Ṣé àwọn olówó tí ò ń ṣọ́ ilé fún kò yọ ọ́ lẹ́nu? Mi ò kírun kan rí kí n má gbàdúrà fún ọ lórí àpótí onírin tí o ní ó máa ń gbé yín láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ilé, pé kí ó má gbé ọ kọjá ibi tí ò ń lọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Ọ̀pẹ dàbínù ẹ̀yìnkùlé, afẹ́fẹ́ ti ṣẹ́ ẹ lọ́rùn.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mo kàn ń sọ pé obìnrin ni, pé ara wọn dá, tí mo sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Ọmọ mi, fóònù kọ́ ni a fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Inú atẹ́gùn ni ohùn ń gbà kọjá, gbogbo ohun tó bá sì wà nínú atẹ́gùn ló ń gbọ́ ọ. Ìwé kò lẹ́nu. Ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí ni mo fi ń kọ èyí o, nítorí náà wá ibi jókòó sí kí o kà á, má sì kà á nínú àpótí onírin yẹn.

Ìdí búrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Insáàfù ń to ìyẹ̀fun tó ti pò sínú oòrùn kí ó lè wú kí eruku tó dé, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni omi dà lára rẹ̀, ó sì rò pé ìkòkò ló fọ́. Ó ń wá àfọ́kù kiri ilẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé ìwọ ni ìkòkò náà, ọmọ mi, wá jókòó. Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Gàláàlì tó gbẹ̀bí ìwọ náà. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í dákẹ́ kódà nílé òkú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ìdí ni ọmọ kọ sísàlẹ̀, ó jókòó bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, ó ní bí mo bá fẹ́ràn ìyàwó ọmọ mi, kí n gbé e lọ sí ọsibítù ìlú, kí n má tilẹ̀ dúró wá ìborùn.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ alápatà ni a wọ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé ẹran tútù inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, nítorí a kì í fi ẹran tútù bá obìnrin tó ń rọbí rìn, ọmú rẹ̀ á gbẹ. Ó ń ráhùn, ó ní ta ló máa san owó ẹran òun bí ajá bá jẹ ẹ́, mo ní kí ajá jẹ ẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n eruku ti gba ojú ọ̀run, gbogbo ayé pọ́n bí inú ìkòkò amọ̀, a kò rí odò, a kò rí òkè. Insáàfù di apá mi mú, ó ní Màmá, ẹnìkan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo yọjú wò ó. Eruku ni mo rí. Mo ní kí ó pa ojú dé kí ó máa dárúkọ Ọlọ́run.

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Aṣọ́nà béèrè orúkọ ẹni tí a gbé wá. O mọ̀ pé gbogbo obìnrin ló ní Ẹni Ìsàlẹ̀ tirẹ̀, ìkejì rẹ̀ tí ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tí kì í bímọ tirẹ̀, tó sì ń jowú ẹni tó bá fẹ́ bí. O mọ ohun tí ó fojú mi rí kí ó tó kan ìwọ. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ní orúkọ alágbe, kí ó lè wò ọ́ kó ní èyí ò níláárí, kó sì kọjá. Afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ lójijì bí aṣọ́nà ti béèrè, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí mo máa sọ. Mo ní mi ò ní fi orúkọ Insáàfù lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Mo la ẹnu kí n dá orúkọ èyíkéyìí, Fáúsíà tàbí Hàníyà, orúkọ tó sì jáde lẹ́nu mi ni Sáádíà.

Ṣàhátì, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo ti sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí baba rẹ kú, pé ọmọbìnrin kan ṣáájú rẹ tí kò pé ogójì ọjọ́ láyé. Láti ìgbà tí baba rẹ ti bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ yẹn nínú ilé wa. Mi ò mọ bí ó ṣe wá dé ẹnu mi. Aṣọ́nà ti kọ ọ́. Wọ́n fi okùn róbà so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ bí ẹni so ewúrẹ́ ọjà, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Sáádíà. Mo sọ ọ́ sí Insáàfù létí pé kí ó máa jẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ìrora ti di etí rẹ̀.

Wọ́n fi ìgbànú méjì di ikùn rẹ̀ mọ́ àpótí kan. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, gìdì gìdì gìdì, bí ẹṣin tó ń sáré lórí iyanrìn, ìwé gígùn kan sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kálámù ń kọ ọ́ láìsí ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Nagíláà ní ìró ọkàn ọmọ inú ni, òun ló ń kọ ọ́. Ẹnu yà mí pé ọmọ tí a kò tíì bí ti mọ̀ọ́kọ, bẹ́ẹ̀ èmi, ó di ìgbà tí eyín mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ṣùgbọ́n ìlà méjì ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń kọ ti ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ìyá ọmọ náà ni, bí ìrora rẹ̀ ṣe ń mú un ló ń kọ. Mo wo Insáàfù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di irin ibùsùn mú, kò kọ nǹkankan. Kálámù ìsàlẹ̀ sì ń kọ ọ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ya díẹ̀ fún mi, ó wà nínú lẹ́tà yìí. Imáàmù kò lè kà á, ó ní ìwé àwọn dókítà ni. Wá ẹni tó lè kà á ní Káírò, ṣùgbọ́n ìlà òkè nìkan ni kí ó kà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé mi síta, wọ́n ní ìyá ọkọ kì í wọ yàrá ìbímọ. Mo jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ẹṣin náà. Ó sáré títí, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nagíláà yọrí síta, òógùn bò ó. Ó ní Màmá, ṣé adití ni ìyàwó ọmọ yín ni? Ó ní òun ń pe Sáádíà, Sáádíà, pé kí ó ti ọmọ, kò ti í, ó kàn ń wò òun bíi pé ẹlòmíràn ni òun ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ó ti ń rẹ ọmọ inú rẹ̀. Ó ní èyí tó tún bí òun nínú jù ni pé bí òun bá pè, ẹnìkan ń dáhùn pé èmi nìyí, kì í sì í ṣe láti orí ibùsùn. Ó ní ẹbí wa èyíkéyìí tó bá yọ́ wọlé, kí n pè é jáde kí dókítà tó rí i. Mo ní ẹbí wa wo? Èmi nìkan ni mo bá a wá.

Bí mo bá dákẹ́, Insáàfù kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, ọmọ á sì kú sí i nínú. Bí mo bá pè é, Ẹni Ìsàlẹ̀ á mọ ẹni tó fẹ́ mú. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí baba rẹ kú lọ. Ẹṣin náà ń rìn, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Mo bá di ilẹ̀kùn mú, mo fi gbogbo ọ̀fun mi pè é, mo ní Insáàfù, Insáàfù ọmọ Sákíà, aya Ṣàhátì, ìwọ ni o, ti ọmọ rẹ jáde. Gbogbo ọsibítù gbọ́. Ilẹ̀ náà gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Insáàfù ké, kì í ṣe igbe ẹ̀rù, igbe ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo sórí ni. Ìdí ọmọ ló kọ́kọ́ yọ bí Ìyá Gàláàlì ti wí. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dún, ó pẹ́ débi pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí ó tó ké, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò. Mo forí kanlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì wọn.

Láti ọjọ́ tí a ti dé ilé ni mo ti da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n fi Insáàfù àti ọmọ nìkan sílẹ̀, nítorí mo ti pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ilé tòrò. Ìtòrò yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Láàárọ̀ àná, bí ó ti ń mu omi hílíbà tí mo sè fún un kí omi ọmú rẹ̀ lè wá, ó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ó ti rí. Ó ní Màmá, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ìrora náà máa ń lọ kó tún padà wá, ó ní ìgbà tó bá lọ ni ẹ̀rù ń ba òun jù. Ó ní òun ò mọ̀ pé ara òun lè máa ṣe nǹkan láì kọ́kọ́ bi òun. Ó ní òun ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo mọ́ Sáádíà kan, òun sì ń rò ó nínú pé Sáádíà yìí mà lóríkunkun o, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n máa fún un. A jọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ó wá ní ó rẹ òun, ibùsùn ń rì sílẹ̀ pẹ̀lú òun, ó ń rì lọ, àfi ọmọbìnrin yẹn tí kò jẹ́ kí òun rì tán. Mo ní ọmọbìnrin wo? Ó ní èyí tó ń sáré tẹ̀ lé wa nínú eruku ni, ó ti wà nínú yàrá kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Òun rò pé ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó di ọwọ́ òun mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó móoru bí búrẹ́dì tí a gbé sóòrùn. Bí wọ́n bá pe Sáádíà, ọmọbìnrin náà ló ń dá wọn lóhùn, kì í sì í wo ẹni tó pè é, abẹ́ ibùsùn ni ó ń wò, bí ẹni tó ń ṣọ́ ajá tó lè bu èèyàn jẹ. Ó fẹnu sí Insáàfù létí, ó ní má bẹ̀rù, ìyàwó àbúrò mi, èmi ni màá máa jẹ́ orúkọ náà, bí ìyá wa bá ti pe tìrẹ ni kí o ti ọmọ.

Mo bi í bóyá ẹnìkan sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Ó wò mí, ó ní Màmá, ṣebí Ṣàhátì ni àkọ́bí yín.

Ọmọ mi, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí nìyí. Akọ̀wé ìjọba ti kọ ọ́ pé Sáádíà ni ìyá ọmọ rẹ. Ó ní ìwọ fúnra rẹ ni o gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú káàdì rẹ bí a bá fẹ́ tún un ṣe. Lójú ìjọba, ẹ̀gbọ́n rẹ wà láàyè, ó dàgbà, ó sì ti bímọ. Nítorí náà dá mi lóhùn, má fi ṣeré: ǹjẹ́ o sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Insáàfù rí? Bí o bá ti sọ ọ́, a jẹ́ pé ìrora ló jẹ́ kí ó lálàá, wá kí a lọ tún ìwé ṣe, kí àyà mi balẹ̀. Bí o kò bá sì sọ ọ́ rí, fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bu ìtanràn lé ọ. Ọmọ tí mi ò lè fún ní ogójì ọjọ́, ṣé èmi náà ni màá tún lọ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún asẹ́ tí a ó gbé ọmọ sí lọ́jọ́ keje rẹ̀, àti ẹ̀pà àti súìtì tí a máa pín fún àwọn ọmọ àdúgbò. Má fi sínú fóònù mọ́, mo gbọn fóònù yẹn títí lọ́jọ́sí, kò jábọ́. Fi lé awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá lọ́wọ́. Àbẹ́là tí a ó fi mú orúkọ ọmọ, ìwọ ni kí o rà á bọ̀: ọ̀kan fún Líndà tí o yàn, bó tilẹ̀ dà bí orúkọ ọṣẹ, ọ̀kan fún Nisírínì tí ìyàwó rẹ fẹ́. Ra ẹ̀kẹta fún Sáádíà, ìyàwó rẹ ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ síbí. Èyí tó bá pẹ́ jù kó tó kú ni ọmọ á jẹ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà wu ọ́ léwu. Ohun tí ń bẹ lókè kò ní já lé ọ, ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀ kò ní mọ orúkọ rẹ. Wàá wá bá wa láyọ̀, wàá bá wa láàyè.

Èmi ìyá rẹ, Wadíídà. Insáàfù kí ọ. Ọmọ rẹ kí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ.