Aago Ọkọ Wa Tó Ń Sáré

Orogún mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà níbi iṣẹ́? Ara wa le níhìn-ín, àfi orúnkún mi tó máa ń ké tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ti bí ọkùnrin, orí rẹ̀ rí roboto bíi ti bàbá rẹ. Àbúrò ìyá rẹ tó ń ránṣọ ti gbéyàwó. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, gbogbo ẹ̀fẹ̀ mi ló sì ń rín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o! Tíṣà kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà wa kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ aago Bàbá, ọkọ wa, ni mo fẹ́ sọ, èyí tí wọ́n máa ń yí orí rẹ̀ láràárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. O mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò lu agogo ilé ìwé. Ó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí wọ́n bá tún un ṣe láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti fi gbogbo aago yòókù sílẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń jáde kí ẹ̀kọ́ tó parí, ni wọ́n bá sọ ọkọ wa ní "Bàbá Ẹ Máa Lọlé". Inú ọ̀gá ilé ìwé kò dùn. Ó ní, "Bàbá, tí agogo yìí bá tún dún ṣáájú àkókò, ẹlòmíràn ni yóò máa lù ú."

Orogún mi, Bàbá kò lè jẹun. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ mi, bóyá ọwọ́ mi ló ti darúgbó, tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí aago mọ́." Mo ní, "Ọwọ́ tó ṣì ń mú ẹran nínú ìkòkò mi láìgbàṣẹ, ṣé ìyẹn ló darúgbó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi, kò balẹ̀. Ẹnu rédíò, níbi tí ohùn ti ń jáde, ló lọ lẹ̀ mọ́. Mo fà á, ó tún padà. Orí rédíò yìí gan-an ni aago máa ń sùn, kó lè wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń kéde àkókò tí Bàbá fi ń tún un ṣe. Mo pariwo, "Bàbá, mo ti mú ẹni tó ń lé aago yín!"

A gbé aago lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó ní òótọ́ ni, mágínẹ́ẹ̀tì inú rédíò, irin tó ń fa irin mọ́ra, ti ran irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká sínú aago, irin náà ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ni aago fi ń kánjú. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo iná yọ agbára ìfàmọ́ra náà kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí Bàbá máa yí i ní àkókò kan náà láràárọ̀, kí wọ́n dáwọ́ yíyí dúró tó bá ti le lọ́wọ́. Inú fìlà wọn ló ń sùn báyìí. Ó máa ń falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi rédíò tún un ṣe kí wọ́n tó jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ilé ìwé dúró tì wọ́n, fóònù lọ́wọ́. Bàbá mú aago dání. Wọ́n wo aago, wọ́n lu agogo. Ọ̀gá wo fóònù, ó wo Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo wà lẹ́nu géètì, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń nu ojú. Àwọn ọmọ ń jáde, wọ́n fajú ro. Ọ̀kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìyá yìí ló bà á jẹ́ fún wa!"

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ fún wa, kí iṣẹ́ rẹ yẹ ọ́, kí ire máa bá ọ nílé.

Èmi ni ìyáálé rẹ, tí í ṣe ìyá ìyá rẹ.

Mo tún rántí: ọkọ wa kò fẹ́ aago oníbátìrì tí o ní ká rà. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí o fi ránṣẹ́, ẹgbẹ̀rún kan ni a san fún àtúnṣe. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló wà nínú àpòòwé yìí. Fi wọkọ̀ wálé.