Ẹni Tí Mo Mọ̀ Lórí Ìlà Ọlọ́pàá

Ìnísà,
Oṣù Kẹjọ, 1959.

Ọlábímpé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò pọ̀ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé yóò máa ṣọ́ yín ní Ìbàdàn. Ara mi le. Orúnkún ṣì ń dun ìyá rẹ, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi. Iṣu ta dáadáa. Adépọ̀jù ọmọ Àjíkẹ́, tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wà ní àtìmọ́lé, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀.

Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ mi gbé níwájú téṣàn reluwé ní Òkukù. Olè náà bojú wẹ̀yìn wò mí bó ti ń gùn ún lọ, mo rò pé ó fẹ́ kí mi ni. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè mí pé àwọn ti mú ẹnì kan, ṣùgbọ́n àwọn kì í dá a nìkan mú síwájú ẹni tó ni ẹrù, àwọn ọkùnrin mìíràn gbọ́dọ̀ bá a dúró. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí ojú má baà tì í. Wọ́n bá ń dá àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Adépọ̀jù ń gbé iṣu lọ sọ́jà, wọ́n ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ kó wá tò sí i.

Sájẹ́ǹtì sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ nínú wọn, ẹ gbé ọwọ́ lé e léjìká.”

Adépọ̀jù nìkan ni mo mọ̀. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Inú mi dùn láti rí i, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Wọ́n mú un wọlé, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí mi ni, mo bá kọrí sílé.

Olè náà wà níbẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló dúró sí. Mo rí ojú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ agboolé rẹ̀, báwo ni n ó ṣe gbé ọwọ́ lé àlejò léjìká? Wọ́n ní kó máa lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó lọ, wọ́n kọ́ ọ nílé.

Àjíkẹ́ kì í jẹ́ mi mọ́ tí mo bá kí i, ó sì dùn mí gan-an. Mo padà lọ ṣàlàyé fún sájẹ́ǹtì pé ká ní ó bi mí léèrè ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ ni, n bá ti fi hàn án. Ó ní bí àwọn ti ń bi gbogbo ènìyàn náà nìyẹn, kí n lọ sọ tẹnu mi ní kóòtù.

Jọ̀wọ́, bá wa wá lọ́yà, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ti Adépọ̀jù ni o, kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Kọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀gá wọn pẹ̀lú, kí wọ́n yí ìbéèrè yẹn padà.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́. Bí ọlọ́pàá bá tò ọ́ mọ́ ènìyàn níbikíbi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jọláyẹmí.