Agolo Tí Bàbá Rẹ Ń Mì Létí

Ìjàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1998.

Tèmídayọ̀ àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le ní Kàdúná. Tiwa níbí kò rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bàbá rẹ kò ríran mọ́. Ojú méjèèjì ni. Èmi ni mo fà á. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ará Ìjàn kan tó sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé látìgbà tí igi ìdáná ti wọ́n, èmi ni mo ní kí a máa ta èédú abẹ́ ilẹ̀ tó ń wá láti Láfíà fún àwọn oníbúrẹ́dì. Wàhálà èédú yìí ni pé bí iná bá mú un, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀dà, á di òkìtì kan ṣoṣo. Atẹ́gùn ò ní rọ́nà gbà. Bàbá rẹ, tó ti fi ogójì ọdún rọ irin, ló rí ọgbọ́n dá sí i: á tẹ́ ẹ sórí páànù, á máa yan án lórí iná jẹ́jẹ́, á máa fi ṣọ́bìrì yí i fún ọjọ́ méjì gbáko, kí atẹ́gùn lè kan gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, á dé e, á kì í bọ iná pupa. Bó bá tutù, á mì ín létí. Bó bá ń dún bí ẹkùrọ́ nínú igbá, ó yá ní títà. Bí kò bá dún, ó ṣì ń lẹ̀, ó padà sórí páànù nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, oníbúrẹ́dì tó wà nítòsí Fájuyì l'Ádó, ń wá èédú lójú méjèèjì nítorí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kan péré ni èédú náà ti lò lórí páànù. Bàbá gbé agolo, ó mì ín létí, kò dún. Mo ní, "Bàbá, oníbàárà kì í dúró de agolo o. Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Pọ́lì." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pọ́lì yín yan èédú rí?" Mo pe ọkọ̀, mo ní kí wọ́n kó o.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ dì mọ́ra nínú ààrò Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. Bàbá gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Kò bá mi jà. Ó fi ọ̀pá irin gún un kó lè fọ́. Ibi tó ti là ni iná tó há sábẹ́ ti bú sí i lójú. Gbólóhùn kan ló sọ: "Abọ́sẹ̀dé, mú mi lọ ulé."

Ọsibítù l'Ádó la gbé e lọ. Dókítà ní ojú náà ti lọ. Ìyá rẹ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní, mi ò sì bínú sí i. Ohun tó ń pa mí ni pé Bàbá ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé òun lòun ò yí i dáadáa. Mo ní kó yéé purọ́ nítorí mi. Ó ní, "Bí mo bá sọ òótọ́, ta ni yóò tún rà lọ́wọ́ rẹ?"

Wá sílé. Má dúró de Kérésìmesì. Bí o bá fẹ́ bú mi, mo wà nílẹ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ ojú rẹ àti ojú ọmọ rẹ. Kí ọ̀nà gbà ọ́ wálé, kó má ṣe ọ́ ní ibi.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Abọ́sẹ̀dé.

Mo tún rántí: Èmi ni mo ń yí èédú báyìí. Lánàá ló pé ọjọ́ méjì. Mo gbé agolo lé Bàbá lọ́wọ́. Ó mì ín létí, ó tún mì ín. Èmi gbọ́ ọ pé ó dún. Ó ní, "Kò tíì tó. Dá a padà." Mo dá a padà.