Ilé Tó Kù ní Igbó-Àràbà

Èmi, Gàníyù Àkànbí Múrítàlá, télọ̀, ọmọ bíbí abúlé Igbó-Àràbà lẹ́yìn Ìsùndúnrin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní ojú mi ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan wí sí ọpọlọ mi. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Bí ọmọ mi Hamid bá sọ níwájú adájọ́ pé arúgbó ti ń ṣe rán-ún-rán-ún, ẹ bi í léèrè bí orí arúgbó náà ṣe pé tó lọ́jọ́ tó ní kó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀.

Àwọn tí mo fi ṣe alámójútó ìwé yìí ni ọmọ mi obìnrin, Mùtmàínà, àti Ọ̀gbẹ́ni Olúwarótìmí Ayọ̀díjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò mi lóko.

Èkíní. Ohun tí Kùránì pín fún àwọn ọmọ mi, mi ò fọwọ́ kàn án. Kí lèmọ́ọ̀mù pín in bó ṣe yẹ, kí Hamid náà gba tirẹ̀ pé pérépéré. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin gbà mí láàyè láti há fún ẹni tó wù mí ni ìwé yìí dá lé.

Èkejì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo gbé bọ̀ láti Àbíjàn, mo fún Ràfíátù tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Èjìgbò, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì mi méjèèjì àti áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ránṣọ ní Àbíjàn tí àwọn ọmọṣẹ́ ń pè mí ní pàtírọ́nù, ìyẹn ọ̀gá. Hamid kò fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn láti kékeré. Ó ní iṣẹ́ ìjókòó ni. Iṣẹ́ ìjókòó yẹn ló rán an lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀kẹta. Ewúrẹ́ mi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo fún Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀díjí. Ọdún mẹ́fà ni tíṣà fi fẹjọ́ wọn sùn nítorí ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé mi dé iwájú baálẹ̀. Ó jàre lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ rí. Ewúrẹ́ ti di tirẹ̀ wàyí, kí ó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Mo fi í ṣe alámójútó nítorí pé ẹni tó lè torí ewé bá èèyàn ṣẹjọ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n jí ilé gbé lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ilé mi ní Igbó-Àràbà, yàrá mẹ́rin onípáànù, pẹ̀lú kànga, igi obì mẹ́ta, àti ilẹ̀ tó yí i ká títí dé etí odò, mo fún Kàdíjà, opó Mùhámmẹ́dù.

Àwọn ọmọ mi yóò béèrè ohun tó pa èmi àti ìyá náà pọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sọ́nà. Nígbà tí mo ń lọ sí Àbíjàn ní ọdún 1971, mo ní kó dúró dè mí fún ọdún méjì. Ó dúró fún mẹ́rin. Mi ò kọ lẹ́tà kan. Nígbà tí Mùhámmẹ́dù ọ̀rẹ́ mi wá fẹ́ ẹ, mo bínú bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ Ummuhani, ìyá yín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú; kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ mi lórí ìyẹn. Bàbá mi ló fún Mùhámmẹ́dù àti Kàdíjà nílẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí. Lójú gbogbo abúlé ni, kò sí ìwé. Ilẹ̀ náà wà lára èyí tí Hamid tà fún ilé iṣẹ́ kan láti Èkó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n fi ṣe ibùdó ìgbafẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀karùn-ún. Ó kan ìwé ìpolówó tí Hamid ṣe fún àwọn àlejò àti àwọn olówó tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ìwé tó ń dán ni. Ó tún wà lórí fóònù. Mùtmàínà kà á fún mi. Ó ní Igbó-Àràbà jẹ́ igbó tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò tíì kàn, afẹ́fẹ́ tútù, odò tí kì í gbẹ, ilẹ̀ tí kò ní ẹlẹ́jọ́. Àwòrán mi wà lójú rẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àgbà abúlé ń kí yín káàbọ̀.

Mo pàṣẹ pé kí àwọn alámójútó mi kọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé èyí sára pátákó, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ sí orí ilẹ̀ mi, létí ọ̀nà, níbi tí àlejò yóò ti rí i:

"Igbó-Àràbà nìyí. Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà níbí tẹ́lẹ̀, mọ́kànlá ló kù. Ọ̀kadà nìkan ló ń débí; bí òjò bá rọ̀, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Odò ń gbẹ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹta. Kò sí iná. Tíṣà kan ṣoṣo ló wà nílé ìwé. Igbó tí ẹ ń wò yìí, àwọn bàbá wa gbin kòkó sábẹ́ rẹ̀. Igi tí ẹ bá rí, ó ní ẹni tó ni ín. Ojú oórì mẹ́rìnlá ló wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ní kò ní ẹlẹ́jọ́. Bí ẹ bá wá kí wa, ẹ káàbọ̀. Bí ilẹ̀ lẹ wá rà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé orí rẹ̀."

Ìyá mi wà nínú àwọn mẹ́rìnlá yẹn.

Ẹ̀kẹfà. Yàtọ̀ sí ìpín rẹ̀, mo fún Hamid ní ìwé ìpolówó náà, kí ó kọ́ ọ sí pálọ̀ rẹ̀. Hamid, mi ò ṣépè fún ọ. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ bí a ṣe ń lọ láìwẹ̀yìn.

Èkeje. Èyí ni mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ tí katakátá dé, mo wà níwájú nínú mọ́tò Hamid, ìwé tí mo fọwọ́ sí wà lórí itan mi. Kàdíjà jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò wo Hamid, èmi ló ń wò. Ó ní, "Bàbá Hamid, ẹ sọ fún wọn pé bàbá yín ló fún wa nílẹ̀ yìí." Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ mi di òpùrọ́ lójú àwọn àlejò rẹ̀ láti Èkó. Mo yí gíláàsì mọ́tò sókè. Kí àkókò ìrun ọ̀sán tó tó, ilé ti wó.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Kàdíjà ní yàrá ọmọ rẹ̀ ní Èjìgbò, mo ní mo fẹ́ fún un nílé mi. Ó bu omi fún mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Hamid. Kì í ṣe ilé ni mo tọrọ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn."

Nítorí náà mo ń sọ ọ́ wàyí, ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i. Bàbá mi, Lùkmọ́nù Múrítàlá, fún Mùhámmẹ́dù àti Kàdíjà nílẹ̀ náà ní ọdún 1976, nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di etí okùn kan mú nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ náà. Kí àwọn alámójútó mi gbé ìwé yìí dé kóòtù, kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí mi.

Bí Kàdíjà bá kọ ilé mi, ẹ má tà á, ẹ má fi gbowó ilé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn.

A ka ìwé yìí sókè fún Gàníyù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nítorí ojú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ṣe sọ ọ́, kí ó tó fọwọ́ sí i lójú àwa ẹlẹ́rìí.

Gàníyù Àkànbí Múrítàlá
Èjìgbò, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ọlámilékan Sàláwù, mẹkáníìkì, Èjìgbò
Sàrátù Yékínì, aláṣọ, Ìsùndúnrin