Orúkọ Ọkọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Wọ̀

Ìkòròdú, Ọjọ́bọ̀, oṣù Òkúdu, 1957

Ìwé mi, má bínú. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fọ́ọ̀mù kìíní? Ṣùgbọ́n àyà mi ń já.

Tíṣà sọ lónìí pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ sí Èkó kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jóná láyé àtijọ́. Èkejì forí sọ àpáta. Ẹ̀kẹta rì nígbà ogun Hítílà. Síbẹ̀ wọ́n tún fi orúkọ náà sọ òmíràn. Inú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, ti fẹ́ lọ ṣe kúkù lọ́la.

Mo sáré lọ bá a. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Orúkọ ń roni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ Babátúndé ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí omi Ìbèṣè ló gbé bàbá àgbà lọ kí wọ́n tó bí ẹ, tí wọ́n ní ìwọ ni wọ́n tún padà dé. Ojo! Ṣé o ti rì?"

Kò mọ̀ pé nítorí orúkọ yìí ni mo ṣe ń wọ lọ́rì bí mo bá ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́ bọ̀, tí n kì í gba orí omi.

Lọ́la, n óò bá a wọ ọkọ̀ èrò ní èbúté Ìpakòdó dé Èkó. Bí èmi bá gúnlẹ̀ láyọ̀, bóyá òun náà...

Ìwé mi, pa á mọ́. Ìyá wa kò gbọdọ̀ gbọ́ pé àwa méjèèjì wà lórí omi. Bàbá rẹ̀ ni omi gbé.